Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí a ṣe ń to àdírẹ́ẹ̀sì báàjì ẹ̀dà sọ́fítíwía

Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ní àsìkò yìí ló dá lórí báàjì, ìyẹn àwọn àwòrán pẹlẹbẹ aláwọ̀ méjì tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwía máa ń lẹ̀ mọ́ òkè README, fáìlì tí wọ́n fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, a sì gé àwọn lẹ́tà tó gùn jù kúrú, ṣùgbọ́n a fi ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe gbé e kalẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí pé ta ló ń yí nọ́ńbà tó wà lára báàjì wọ̀nyí padà nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ni iṣẹ́ náà ló ń ya àwòrán mìíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Olùkọ́ kan, Owódé, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ o. Kò sí ẹni tó ń ya àwòrán kankan. Ohun tí ẹni tó ni iṣẹ́ náà lẹ̀ mọ́ README kì í ṣe àwòrán rárá, àdírẹ́ẹ̀sì ni. Ẹ wo èyí: https://img.shields.io/npm/v/express. Shields.io ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń ṣe báàjì. Npm ni ilé ìpamọ́ tí àwọn pákéèjì JavaScript wà, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn lè mú lò. V dúró fún ẹ̀dà. Express sì ni pákéèjì tí a ń béèrè nípa rẹ̀. Bí àdírẹ́ẹ̀sì yìí bá ti dé ọ̀dọ̀ sáfà, yóò béèrè lọ́wọ́ npm pé èwo ni ẹ̀dà express tó wà lóde báyìí, yóò kọ orúkọ ilé ìpamọ́ sí apá òsì àwòrán SVG kékeré kan, yóò kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sí apá ọ̀tún, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣí ojú ìwé náà. Ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín fi /pypi/v/django rọ́pò /npm/v/express (PyPI ni ilé ìpamọ́ àwọn pákéèjì Python), wọn yóò rí i pé báàjì mìíràn ló jáde, torí pé gbogbo ìbéèrè náà ti wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan ni a jọ ń kọ sọ́fítíwía fún àwọn oníṣòwò ní Under G. Àwọn pákéèjì wa kan wà lórí npm, àwọn kan wà lórí PyPI, òmíràn wà lórí GitHub nìkan, ibi tí a ń tọ́jú kóòdù wa sí. A fẹ́ ṣe sáfà báàjì tiwa, èyí tí yóò máa sọ bóyá ẹ̀dà pákéèjì tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò ṣì bágbà mu, tàbí ó ti gbó, tàbí àwọn tó ni ín ti fà á sẹ́yìn. Orí àdírẹ́ẹ̀sì ni a ti ń jiyàn. Ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú wa ní kí ohun gbogbo wà nínú ọ̀nà, báyìí: /npm/express/4.18.2/status/flat/green.svg. Èmi ní kí ohun gbogbo wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè, báyìí: /badge?ile=npm&oruko=express&eda=4.18.2. Ta ló jàre nínú wa?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Kò sí ẹni tó jàre tán, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín sún mọ́ ọn jù yín lọ.

Ìlànà RFC 3986, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2005, tí ó sì ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀: ọ̀nà, ìyẹn apá tí síláàṣì (/) pín sí wẹ́wẹ́, wà fún ohun tó ní ipò, tí ọ̀kan wà lábẹ́ èkejì, apá tó tẹ̀lé àmì ìbéèrè (?) wà fún ohun tí kò ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí nǹkan kan yẹ kó wà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àdírẹ́ẹ̀sì, kí ẹ wò ó bóyá báàjì ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà. Bí ẹ bá yọ express kúrò, kò sí ohun tó kù láti sọ. Inú ọ̀nà ni orúkọ yẹ kó wà. Bí ẹ bá yọ flat kúrò, báàjì náà ni, ìmúra rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀; ẹ gbé e sí ẹ̀yìn àmì ìbéèrè, kí ó di ?style=flat. Nípa green, ẹ má fi í sí ibì kankan. Nínú báàjì tó ń sọ ipò ẹ̀dà, àwọ̀ jẹ́ ara ìdáhùn, sáfà ló sì yẹ kó yàn án. Repology, tó máa ń fi ẹ̀dà sọ́fítíwía tó wà nínú oríṣiríṣi Linux wéra, fúnra rẹ̀ ló ń yan àwọ̀ báàjì rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú bí ẹ̀dà náà bá jẹ́ tuntun tàbí ó ti gbó. Àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ rí báyìí: https://repology.org/badge/version-for-repo/debian_12/vim.svg, kò sì sí orúkọ àwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbọ́n yín yóò wọ aṣọ àwọ̀ ewé fún ẹ̀dà tó ti gbó, ẹni tó bá sì rí i yóò gbà á gbọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni bí àwọn apá inú ọ̀nà yóò ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé Shields.io kọ /npm/v/express, kò kọ /npm/express/v. Ilé ìpamọ́ ló ṣíwájú, ohun tí à ń béèrè ló tẹ̀lé e, orúkọ ló kẹ́yìn. Èmi fara mọ́ ètò yìí gan-an, ìdí sì ni pé ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ tiyín, ẹ̀yin lẹ yàn wọ́n, ẹ sì mọ iye wọn, ṣùgbọ́n orúkọ pákéèjì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ kò sì lè sọ fún un bí yóò ṣe rí. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan, ẹ kó àwọn orúkọ tó burú jù tí ẹ lè bá pàdé jọ, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀nà yín gbà wọ́n.

Lórí npm, orúkọ lè ní síláàṣì nínú: @babel/core jẹ́ orúkọ pákéèjì kan ṣoṣo. Lórí GitHub, apá méjì ni orúkọ máa ń ní nígbà gbogbo, ti oníṣẹ́ àti ti iṣẹ́, èyí sì rọrùn. Orúkọ ẹ̀ka kóòdù, ìyẹn ẹ̀dà kóòdù tí a yà sọ́tọ̀ láti ṣiṣẹ́ lé lórí, ló le jù, torí ẹ̀ka kan lè máa jẹ́ feature/login, tí ẹ bá sì kọ ọ́ sí àárín ọ̀nà, sáfà yín kò ní mọ ibi tí orúkọ ẹ̀ka parí sí àti ibi tí ohun tó kàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé kí a kọ síláàṣì inú orúkọ bí %2F. Ẹ ṣọ́ra. Apache, sọ́fítíwía sáfà kan, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà láti ilé rẹ̀ wá, yóò dá 404 (a kò rí i) padà fún ọ̀nà tó bá ní %2F nínú, àfi bí alákòóso bá yí ètò AllowEncodedSlashes rẹ̀ padà; àwọn sáfà alárinà mìíràn sì máa ń tú u padà sí síláàṣì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ gbé ẹ̀ka sí ẹ̀yìn àmì ìbéèrè, kí ẹ jẹ́ kí síláàṣì inú @babel/core wà ní gbangba bó ṣe wà.

Àwọn tó ṣe èdè kóòdù Go ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tó wù mí jù. Orúkọ módù Go (pákéèjì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀) lè ní apá púpọ̀, github.com/oníṣẹ́/iṣẹ́/abala, kò sì sí ẹni tó mọ iye apá tí yóò jẹ́. Lórí proxy.golang.org, sáfà tó ń pín àwọn módù náà, wọ́n fi @v sí ààrin orúkọ àti ìbéèrè, bí i .../@v/list, torí pé àmì @ kò lè wà nínú orúkọ módù. Bí sáfà bá ti rí @v, ó mọ̀ pé orúkọ ti parí níbẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé kí àmì ìpínyà yín jẹ́ èyí tí kò lè wà nínú ohun tó ń pín.

Ìyẹn gbé wa dé orí nọ́ńbà ẹ̀dà. Ní ti báàjì tó ń sọ ẹ̀dà tuntun, kò yẹ kí nọ́ńbà wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì rárá, torí òun ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n báàjì tiyín ń béèrè nípa ẹ̀dà kan pàtó, nítorí náà 4.18.2 wà lára ohun tí a fi ń dá nǹkan náà mọ̀, ó sì yẹ kó wà nínú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n dábàá pé kí ẹ kọ ọ́ bí àwọn tó ń lo npm ṣe ń kọ ọ́ lójoojúmọ́: /npm/status/express@4.18.2, /npm/status/@babel/core@7.24.0, /pypi/status/django@5.0. RFC 3986 gba àmì @ láàyè nínú ọ̀nà láìjẹ́ pé a yí i padà. Lórí npm, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan ni ó lè wà, orúkọ PyPI kò lè ní in, nọ́ńbà ẹ̀dà náà kò sì lè ní in. Sáfà yín yóò kàn wá @ tó kẹ́yìn, tí kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, yóò sì pín ọ̀nà síbẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá kọ ẹ̀dà, ẹ jẹ́ kí ó túmọ̀ sí ẹ̀dà tó wà lóde lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ìdí mìíràn wà tí inú ọ̀nà fi sàn fún nọ́ńbà ẹ̀dà ju ẹ̀yìn àmì ìbéèrè lọ. Ìlànà Semantic Versioning 2.0.0 gba àmì àròpọ̀ (+) láàyè nínú ẹ̀dà, bí i 1.0.0+20130313. Bí àmì yìí bá wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè, ọ̀pọ̀ ohun èlò ìkọ̀wé kóòdù yóò kà á sí àlàfo, torí bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń fi àlàfo ránṣẹ́, ẹ̀dà yín yóò sì di 1.0.0 20130313. Nínú ọ̀nà, àmì àròpọ̀ ni yóò máa jẹ́. Ìlànà kan náà ló ní kí a fi dáàṣì ya ẹ̀dà tí kò tíì pé sọ́tọ̀, bí i 1.0.0-rc.1, èyí tó wà ní ipò ìsàlẹ̀ sí 1.0.0. Nítorí náà ẹ má fi dáàṣì ṣe ìpínyà láéláé. Shields.io ṣe bẹ́ẹ̀ nínú báàjì àfọwọ́kọ rẹ̀, /badge/build-passing-brightgreen, ohun tó sì tìdí rẹ̀ jáde ni pé ẹni tó bá fẹ́ dáàṣì gidi gbọ́dọ̀ kọ méjì, 1.0.0--rc.1, ẹni tó bá fẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ __, torí pé ẹyọ kan ti di àlàfo. Ìyẹn ṣeé fara dà fún báàjì tí ènìyàn ń fọwọ́ kọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ló máa kọ tiyín, kò sì yẹ kó ní irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti .svg tó wà ní ìdí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbọ́n yín, kò pọn dandan. Content-Type tí sáfà fi ránṣẹ́ láti sọ irú fáìlì tó jẹ́, image/svg+xml, ni aṣàwákiri ń wò, kì í ṣe ìparí orúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á nítorí àwọn tó ti mọ́ lára, ẹ gé .svg tó wà ní òpin pátápátá nìkan, kí ẹ má ṣe pín ọ̀rọ̀ ní dọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, torí pé chart.js àti socket.io jẹ́ orúkọ pákéèjì, 4.18.2 sì ní dọ́ọ̀tì méjì.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kò rí bákan náà láti ilé ìpamọ́ kan sí òmíràn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣubú. Lórí PyPI, Django àti django jẹ́ ọ̀kan náà, dáàṣì, dọ́ọ̀tì àti ìlà ìsàlẹ̀ sì dọ́gba nínú orúkọ, gẹ́gẹ́ bí PEP 503, ìlànà Python kan, ṣe là á sílẹ̀. Lórí npm, wọn kò gba lẹ́tà ńlá nínú orúkọ tuntun mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ bí JSONStream ṣì wà, bí ẹ bá sì sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré, ẹ kò ní rí i. Ní ti Go, wọ́n ń fi àmì ìyanu síwájú lẹ́tà tó jẹ́ ńlá, tí Azure fi ń di !azure lórí proxy náà. Ẹ jẹ́ kí ilé ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ nínú kóòdù yín. Ìdí kan rèé tí orúkọ ilé ìpamọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ apá àkọ́kọ́, kí sáfà lè mọ òfin tí yóò lò kí ó tó ka ohun tó kù.

Àfikún kan tí ẹ kò béèrè: bí báàjì náà bá jẹ́ ti iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ, bóyá kí ẹ má tilẹ̀ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sí àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá yí ẹ̀dà express padà nínú package.json, fáìlì tó ń to àwọn pákéèjì tí iṣẹ́ ń lò, máa ń gbàgbé README, báàjì yóò sì máa jẹ́rìí nípa ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Shields.io ní ọ̀nà kan, /github/package-json/dependency-version/, tí a ń fi orúkọ oníṣẹ́, orúkọ iṣẹ́ àti orúkọ pákéèjì kún, tó sì lọ ń ka nọ́ńbà náà nínú fáìlì gan-an. Irú èyí ni mo rò pé ó bá iṣẹ́ yín mu jù. Ẹ wá fi ti @4.18.2 sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ béèrè nípa ẹ̀dà kan láì ní ibi tí wọ́n ti lè kà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú déédéé ìwòyí. Mo ní sáfà báàjì kékeré kan tí àwọn ọ̀rẹ́ àti oníbàárà mi ń lò. Mo fẹ́ tún gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀ tò lọ́tun. Ṣé ó tó kí n kéde fún wọn pé kí wọ́n yí README wọn padà?
Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, Arówómọlé, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Kò tó. Àwọn tí ẹ mọ̀ yóò yí tiwọn padà, ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì náà ti dé ọwọ́ àwọn tí ẹ kò mọ̀: ẹni tó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wọn sí abẹ́ orúkọ tirẹ̀ lórí GitHub, ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà, àti npm fúnra rẹ̀, torí pé README máa ń bá ẹ̀dà pákéèjì wọlé síbẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ kò sì ní yí padà títí wọn yóò fi gbé ẹ̀dà mìíràn jáde. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àtijọ́ máa ṣiṣẹ́, kí ó máa darí àwọn tó bá gba ibẹ̀ lọ sí tuntun pẹ̀lú kóòdù 301 tàbí 308, tó ń sọ pé ohun náà ti kó lọ síbòmíràn pátápátá. Ìlà díẹ̀ ni èyí ń gbà nínú sáfà, ẹ kò sì ní láti yọ ọ́ kúrò títí láé.

Àmọ́ ìdarí kì í ṣeé ṣe nígbà mìíràn, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń fà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Shields.io pa ọ̀nà /github/workflow/status/ tì. Ọ̀nà yẹn ń fi orúkọ tí oníṣẹ́ fún iṣẹ́ àdáṣe rẹ̀ dá a mọ̀, èyí tuntun, /github/actions/workflow/status/, ń fi orúkọ fáìlì rẹ̀ dá a mọ̀, ẹ̀ka sì kúrò nínú ọ̀nà bọ́ sí ẹ̀yìn àmì ìbéèrè. Kò sí bí sáfà ṣe lè mọ orúkọ fáìlì láti ara orúkọ tí oníṣẹ́ sọ ọ́, nítorí náà olúkúlùkù ló ní láti lọ fi ọwọ́ tún README tirẹ̀ ṣe. Orúkọ àfẹnusọ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn júwe ilé fún àlejò pé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì ìpè ni, dípò kí ó dárúkọ agboolé. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá kó lọ, ìjúwe ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé ilé kúrò níbi tó wà.

Nítorí náà, kí ẹ tó tún wọn tò, ẹ wo apá kọ̀ọ̀kan inú ọ̀nà tuntun, kí ẹ bi ara yín pé ta ló lè yí i padà, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ oníṣẹ́ lórí GitHub ṣeé yí padà, GitHub sì máa ń darí àwọn tó bá béèrè iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àtijọ́ lọ sí tuntun, àfi bí ẹlòmíràn bá gba orúkọ àtijọ́ náà tó sì fi ṣí iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ rí i pé sáfà yín ń tẹ̀lé ìdarí yẹn. Ẹ má sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ tó lè kógbá sílé ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀nà, bí ẹ bá lè fi ohun tí báàjì ń sọ ṣe é: nígbà tí travis-ci.org, ibi tí wọ́n ti ń dán kóòdù wò, tì ilẹ̀kùn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àìmọye README ló ṣì ń tọ́ka sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń lò, ẹ jẹ́ kí sáfà máa kọ wọ́n sílẹ̀ fún àkókò díẹ̀. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ náà, ẹ má yára pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó máa fi báàjì eérú tó sọ pé a kò rí nǹkan hàn, torí báàjì tó sọ̀rọ̀ sàn ju àwòrán fífọ́ lọ.

ÌBÉÈRÈ: A gbé ẹ̀dà tuntun jáde láàárọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, README wa lórí GitHub ṣì ń fi nọ́ńbà àtijọ́ hàn. Ṣé àdírẹ́ẹ̀sì ni kò dára?
Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí àdírẹ́ẹ̀sì dára. Àwòrán inú README lórí GitHub kì í wá tààrà láti ọ̀dọ̀ sáfà yín. Camo, sáfà alárinà GitHub, ló ń lọ mú un wá, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Cache-Control, ìyẹn ìlà àṣẹ tí sáfà báàjì fi ránṣẹ́ mọ́ àwòrán, ló ń wò láti mọ iye àkókò tí yóò fi tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Má-fi-pamọ́-rárá náà kò dára, torí gbogbo ẹni tó bá ṣí ojú ìwé yóò máa rán sáfà lọ bi npm léèrè, dátà àwọn òǹkàwé yóò sì máa lọ lórí nọ́ńbà tí kò yí padà.

Ibi tí èyí ti kan ètò ọ̀nà ni pé àdírẹ́ẹ̀sì gan-an ni wọ́n fi ń sàmì sí ohun tí wọ́n tọ́jú. /npm/v/express àti /npm/v/express/ jẹ́ ohun méjì lójú wọn, ?style=flat&label=npm àti ?label=npm&style=flat náà sì jẹ́ méjì. Ẹ yan ọ̀nà kíkọ kan ṣoṣo fún báàjì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ darí àwọn yòókù síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹkàwé kan yóò rí ẹ̀dà tuntun, òmíràn yóò rí ti àná, wọn yóò sì máa bá ara wọn jiyàn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú ọ̀wọ́n, ọmọ mi obìnrin kọ ètò kan tó ń ran àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́ láti ṣírò owó, ó sì fẹ́ kí báàjì rẹ̀ kọ "ẹ̀dà" dípò ọ̀rọ̀ Òyìnbó. Nígbà tó gbìyànjú rẹ̀, ó ní àdírẹ́ẹ̀sì náà kún fún nọ́ńbà àti lẹ́tà tí kò yé òun. Ṣé kí ó yọ àmì ohùn kúrò ni?
Ìyá kan, nítòsí ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọmọ o, ìyá wa. Kí ó má yọ nǹkan kan. Àdírẹ́ẹ̀sì kò lè gbé lẹ́tà tó ní àmì bó ṣe wà, nítorí náà aṣàwákiri ń yí báìtì kọ̀ọ̀kan padà sí àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún (%) àti lẹ́tà tàbí nọ́ńbà méjì. Ní UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, ẹ̀dà di %E1%BA%B9%CC%80d%C3%A0. Sáfà ló máa kà á padà. Ojú ènìyàn kò ní rí i lára báàjì. Ẹ̀yìn àmì ìbéèrè ni kí ó fi sí, gẹ́gẹ́ bí ?label=, torí àkọlé kò yí ohun tí báàjì ń sọ padà.

Ohun tó yẹ kí ó ṣọ́ ni pé ọ̀nà ju ọ̀kan lọ wà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ tó ti ní àmì nísàlẹ̀, tí a wá fi àmì ohùn lé lórí. Ó sì lè jẹ́ e lásán, tí a fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn kún lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò di e%CC%A3%CC%80. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì méjì ni wọ́n. Bí òun ló ni sáfà, kí ó sọ gbogbo àkọlé di ìrísí NFC, tó ń kó lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ bó bá ti ṣeé ṣe, bí ó bá ti wọlé, kí ó tó lò ó fún ohunkóhun.

Fífẹ̀ àwòrán tún wà níbẹ̀. Shields.io ń fi ìwọ̀n lẹ́tà Verdana ṣírò bí báàjì yóò ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó bá ṣe sáfà tirẹ̀, tó kàn ka iye àmì inú ọ̀rọ̀ tó sì fi ìwọ̀n lẹ́tà kan sọ ọ́ di púpọ̀, yóò ka ẹ̀ sí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta, àlàfo yóò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò sí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Òyìnbó. Àmì ohùn orí lẹ́tà kò ní fífẹ̀ tirẹ̀, òdo ni kí ó kà á sí. Kí ó má sì gbàgbé pé inú SVG ni àkọlé náà ń lọ, kí ó yí <, & àti " padà sí irú kíkọ tí XML, èdè tí a fi ń kọ SVG, gbà kí wọ́n tó wọ inú àwòrán, torí ẹnikẹ́ni ló lè kọ ohun tó bá wù ú sí ìdí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀.